Ojú Tí Olùkọ́ Fi Ń Wo Ọmọ



Bí ilé-ìwé bá jáde lọ́sàn-án, àwọn ọmọ a kún àárín ìlú Thamesmead, lápá ibi tí ilé aago àtijọ́ wà. Èdè Yorùbá kò ṣọ̀wọ́n lẹ́nu àwọn òbí níbẹ̀. Bí wọ́n bá délé, ìbéèrè kan náà ni: “Kí lẹ kọ́ lónìí? Máàkì mélòó lo gbà?” Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú: “Olùkọ́ wo ló mọ̀ ẹ́ dáadáa?”

Awo mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ Ifá ní ìlànà àtijọ́ ń gbé lọ́dọ̀ olúwo rẹ̀ ni. Á bá a gbé àpò, á bá a re òde ìbọ, á kọ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀, á kọ́ ikin. Ọdún 10 lè kọjá lórí ẹ̀. Ìbẹ̀rù nìkan kò lè dá ọmọ dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Olúwo mọ ẹsẹ tó ti wọ̀ ọ́ lórí, ó mọ èyí tó ń fò ó, ó sì ń retí pé yóò di babaláwo. Ìretí yẹn ló ń jí ọmọ láàárọ̀.

Bí ìretí bá sọnù ńkọ́? Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1971, Bernard Coard, olùkọ́ kan tó wá láti Grenada, tẹ ìwé kékeré kan jáde nípa àwọn ọmọ Karíbíà tí wọ́n ń kó lọ sí ilé-ìwé àwọn tí wọ́n ní ọpọlọ wọn kò pé. Lára ohun tó tọ́ka sí ni ojú tí olùkọ́ fi ń wò wọ́n. Olùkọ́ tí kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ kì í bi í ní ìbéèrè tó le, ọmọ náà kì í sì í nawọ́ sókè mọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọdé tètè ń kà á.

Òdìkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fún ọdún 6 gbáko. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tó gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ yékéyéké lè bi í léèrè, ó lè bá a jiyàn, ó sì lè bá a rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọmọ olórìṣà ní ẹrù kan sí i. Ọmọ tó ń jẹ́ Ifáṣeun lè ní kí wọ́n máa pe òun ní “Shay”, kó ti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ bọ abẹ́ aṣọ, kó má sọ ibi tó lọ lọ́jọ́ ọdún. Òfin Ìdọ́gba ọdún 2010 ka ẹ̀sìn mọ́ ohun tí ilé-ìwé kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ fi ìyà jẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n òfin kò lè mú olùkọ́ mọ ọmọ. Ẹni tó ń fi ìdajì ara rẹ̀ pamọ́ ò lè fi gbogbo ọkàn kàwé.

Olùkọ́ Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe olúwo. Ọmọ 30 lè wà níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ bá a gé ọ̀nà kúrú. Ẹ kọ́ ọ ní orúkọ ọmọ yín àti ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́ ọdún fún un ṣáájú. Lọ́jọ́ ìpàdé òbí, ẹ bi í pé, “Ìgbà wo ni ojú ọmọ mi máa ń tàn nínú kíláàsì?” Ẹ má sì bú olùkọ́ náà lójú ọmọ.

Kí ẹ tó dá ilé-ìwé lẹ́bi, ẹ wo inú ilé òrìṣà yín pẹ̀lú. Ọmọ tí ìyálórìṣà ń rí lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí kò gbọ́ ju “Kúnlẹ̀” àti “Dákẹ́” lọ, ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀?

Kí Orí àwọn ọmọ pàdé olùkọ́ tí yóò mọ̀ wọ́n. Àṣẹ.