Kí A Tó Fowó Ránṣẹ́ Nítorí Ẹyin Búlúù

  

Ọ̀rọ̀ ẹyin búlúù tó ń jà rànyìn ní ìsọ̀ àwọn aládìyẹ ni a fẹ́ sọ. Àwọn ọmọ ń fi àwòrán rẹ̀ hàn wá lórí fóònù, a sì gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ yọ nínú owó àjọ fún ẹni tó máa bá wọn wá irú ẹyin bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi pa ọmọ. A ò sọ pé irọ́ ni ẹyin yẹn. Òótọ́ ni. Ilẹ̀ Chile ní ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Mapuche, ni wọ́n ti mọ adìyẹ náà. Araucana lorúkọ rẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà náà ní tiwọn, Dongxiang. Kò sí oògùn níbẹ̀ rárá. Ara adìyẹ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe àwọ̀ náà sínú èèpo kó tó yé e, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fọ́ ọ, inú èèpo búlúù bíi ti òde ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí Òṣogbo la wà, ìlú aró ni. Ẹni tó ń rẹ àdìrẹ, kí ló máa ṣòro níbẹ̀ láti rẹ ẹyin? Ẹyin tí wọ́n rẹ, inú èèpo rẹ̀ á ṣì funfun.

Àwọn kan á ní àwọn olówó á rà á. Bóyá. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra ẹyin nítorí èèpo ní Ọjà Ọba? Ẹni tó fẹ́ dín ẹyin, èèpo ló ń jù nù. Tí ẹ bá sì ti fọ́ ọ tán, funfun rẹ̀ àti pupa rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti èyí tí à ń tà ní kírééètì. Ẹyin tó bá gba ẹ̀yìn wọlé láti òkè òkun, láìsí ìwé àyẹ̀wò, lè kó àrùn dé. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́jà ní 2006, nígbà tí àrùn ẹyẹ kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ẹ rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń sá fún adìyẹ.

Ibi tó ń dùn wá nìyí: adìyẹ tó ṣọ̀wọ́n wà nílé wa, ó sì ń tán lọ. Òpìpì dà? Èyí tí ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń pè ní igún ńkọ́? Èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè bí ewé tí iná ra? Wọ́n ní wọn ò lẹ́wà, nítorí náà ẹni tó ń sìn wọ́n kò pọ̀. Ẹni tó ń wá wọn fún ètùtù sì ń san iye tí a bá pè, kì í sì í bèèrè bóyá ó ku òmíràn lóko. Láàárín ìkòkò ọbẹ̀ àti ètùtù, àkùkọ wo ló máa kù tí yóò gun abo?

Bẹ́ẹ̀ adìyẹ tó wúlò ni. Èyí tí kò níyẹ́ lọ́rùn, ooru ara rẹ̀ ń rí ọ̀nà jáde, òòrùn kì í tètè borí rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé mọ èyí. Ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀, obìnrin bíi tiwa, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi adìyẹ ìbílẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ FUNAAB Alpha, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018. Chile kọ́ ni wọ́n lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ sìn ín, ẹ má ṣe kó akọ oníyẹ́-kíká pọ̀ mọ́ abo oníyẹ́-kíká. Nínú ọmọ mẹ́rin, bí ọ̀kan á ní ìyẹ́ tó ń gé dànù, òtútù á sì máa mú un. Abo tí ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́ ni kí ẹ fún un, bí ìdajì àwọn ọmọ náà á ká bíi ti bàbá wọn. Ọjọ́ 21 náà ni wọ́n fi ń pa. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba oògùn àjẹsára lúkúlúkú tí à ń kán sí adìyẹ lójú. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é. Àrùn yẹn lè gbá gbogbo agbo lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Aládìyẹ tó bá rí irú wọn nínú agò tí àwọn ará oko gbé wá, kó yọ abo méjì àti akọ kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó fẹ́ sìn ín. Kí onítọ̀hún san owó tó yẹ. A ò ní kí ẹnikẹ́ni jẹ gbèsè. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ìwé kan á wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹ wá forúkọ sílẹ̀, ẹ̀yin ará Iléṣà tó ń ná ọjà wa náà: irú adìyẹ tí ẹ ní, iye abo, iye akọ. Ẹni tó ní abo tí kò ní akọ, ibẹ̀ ló ti máa mọ ẹni tó ní akọ.