Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Rí Ẹja Láàyè

Ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ dá awuyewuye sílẹ̀ ní ìpàdé wa tí ó kọjá ni mo fẹ́ sọ díẹ̀ lé lórí, nítorí pé ààyè kò gbà mí láti sọ ọ́ níbẹ̀. Akọ̀wé tí ó ń kọ ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ sílẹ̀ kì í sábà rí ààyè sọ tirẹ̀.

Àwọn ìyá ni wọ́n mú àbá wá pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó Ẹgbẹ́ láti fi kó àwọn ọmọ wa lọ wo ẹja láàyè ní àkókò ìsinmi ilé-ìwé. Bàbá kan nínú àwọn àgbà wa, tí a kì í fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré, dìde, wọ́n ní, “Ẹja tí a fi ń jẹ iyán náà ni a ó tún san owó ọkọ̀ lọ wò?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì fẹ́ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í ṣe ìdáhùn. Mo bẹ Bàbá kí wọ́n jẹ́ kí n dá wọn lóhùn níhìn-ín pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹja wo ni àwọn ọmọ tí a bí sí Kánò mọ̀? Wọ́n mọ ẹja yìnyín tí ó le bí òkúta nínú páálí. Wọ́n mọ ẹja gbígbẹ tí a ká bí òrùka, èyí tí ó ti ìhà adágún Chad wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì rí ẹja tí ó la ẹnu, tí ó sì pa á dé. Bí ẹ bá sì bi wọ́n ní orúkọ rẹ̀, èdè Hausa ni wọn yóò fi dáhùn: tarwada, karfasa. N kò rí ohun tí ó burú nínú èyí. Èdè Hausa ni a fi ń rí oúnjẹ jẹ ní ìlú yìí, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ dáadáa, wọn kò lè rẹ́ ẹ jẹ lọ́jà. Ṣùgbọ́n àrọ̀ ni tarwada ń jẹ́ ní ilé bàbá wọn, ẹpìyà ni karfasa. Òbòkún wà, òjìjí tí ó ń gbọn ọwọ́ ènìyàn bí iná mànàmáná náà sì wà. Ohun tí ọmọ kò bá rí, kò ní béèrè orúkọ rẹ̀. Èyí tí kò bá sì béèrè, àwa náà kò ní rántí sọ fún un. Báyìí ni orúkọ ṣe ń kú mọ́ ènìyàn lẹ́nu.

Àwọn tí a jọ ń ná ọjà mọ̀ pé mo máa ń lọ sí Dubai láti ra ọjà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ilé ìwòran ẹja, tí àwọn òyìnbó ń pè ní aquarium. Inú ilé-ọjà ńlá kan ni ó wà, Dubai Mall, tí a ṣí ní ọdún 2008. Omi tí ó wà nínú rẹ̀ tó lítà mílíọ̀nù 10. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀ bí a ti ń ṣe é ní Sabon Gari: kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí àwọn mairuwa ń fi ọmọlanke tì kiri, 400,000 irú rẹ̀ ni yóò kún un. Ojú rẹ̀ tí a ń wò fẹ̀ ju mítà 32 lọ, ó ga ju mítà 8 lọ, ó sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 75. Kì í ṣe gíláàsì; ike líle kan tí ó mọ́ gaara ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àkurákudà ti ń lọ tí ó ń bọ̀, tí ẹja pẹlẹbẹ tí ó ní ìrù bí pàṣán ń fò nínú omi bí ẹyẹ. Ọ̀nà kan tún wà tí ó gba abẹ́ omi náà kọjá, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 48. Owó ni a fi ń wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú gbangba tí mo sọ yìí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lápò lè dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. (Oníṣòwò ni mí, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi gbé e sí àárín ọjà: ẹni tí ó bá dúró wo ẹja, yóò ra bàtà kí ó tó lọ sílé.)

Ẹja náà kọ́ ni ó mú mi dúró pẹ́ níbẹ̀. Ọkùnrin kan, tí mo rò pé ará India ni, gbé ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré lé èjìká. Yóò na ìka sí ẹja kan, yóò pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà yóò pè é tẹ̀lé e. Bí ọmọ náà bá ṣì í pè, bàbá yóò rẹ́rìn-ín, yóò tún un pè. N kò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè wọn, síbẹ̀ mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àlejò ni ọkùnrin yìí ní ìlú náà gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti jẹ́ àlejò níhìn-ín, ó sì ti rí ibi tí ó ti lè fi èdè bàbá rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ láì lo pàṣán, láì lo pátákó.

Èwo nínú àwa baba ni ó ń ṣe irú èyí? A ń ṣí ìsọ̀ kí ọmọ tó jí, a ń tì í nígbà tí ọmọ bá ti sùn. Ọjọ́ Àìkú, ìpàdé. Ìgbà tí gbogbo ilé jọ wọ ọkọ̀ kan náà ni ìgbà tí a bá ń lọ sin òkú nílé, nígbà náà, ta ni ó ráyè fi nǹkan han ọmọ lójú ọ̀nà? Yàtọ̀ sí ọjọ́ Hawan Sallah tí Ọba ń gun ẹṣin, n kò rántí ibi tí mo ti rí ọmọ Yorùbá lé èjìká bàbá rẹ̀ ní Kánò yìí. Ìdí nìyí tí mo fi ń ti àwọn ìyá lẹ́yìn.

Ohun tí wọ́n ń béèrè kì í ṣe àṣà tuntun. Ní ọdún 1853 ni a ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn nínú ọgbà ẹranko London. Ohun tí àwọn ènìyàn ìgbà náà fi jèrè ni pé wọ́n rí i pé bí ewéko bá wà nínú omi, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń kàn án, ewéko náà yóò máa fún ẹja ní atẹ́gùn tí yóò fi mí.

Ẹ má rò pé mo ní kí a kọ́ ti Dubai sí Kánò. Àwa tí a mọ bí iná mànàmáná wa ti rí, ta ni yóò fi ẹja òkun sí abẹ́ rẹ̀? Ẹ̀rọ ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú irú omi bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dúró, ẹja kò ní pẹ́ kí ó tó kú. Àwọn kan dábàá ọgbà ẹranko ìjọba tí ó wà ní ìlú yìí. Ibi dáradára ni, ṣùgbọ́n kìnnìún tí ó jáde kúrò nínú àgò rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2019, bí wọ́n tilẹ̀ mú un padà, àwọn ìyá kan kò tíì gbàgbé rẹ̀. Ìyẹn ṣì lè dúró di ìgbà mìíràn.

Tiga ni èmi fẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ. Ìgbà ìjọba Audu Bako ni a dí odò Kánò síbẹ̀, àwọn apẹja sì ń ṣiṣẹ́ lórí omi náà. Kí ọkọ̀ wa tètè gbéra ní òwúrọ̀, kí a lè bá wọn nígbà tí wọ́n bá ń kó àwọ̀n wálẹ̀, tí ẹja ṣì ń ta pàtì. Àwọn àgbà wa tí wọ́n dàgbà sí etí odò kí wọ́n bá wa lọ, nítorí àwọn ni wọ́n mọ orúkọ tí àwa kò mọ̀. Bí Bàbá tí ó bèèrè ọ̀rọ̀ bá lè wá, inú mi yóò dùn jù lọ. N kò mọ ẹni tí ó tún mọ ẹja bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, bóyá láàyè, bóyá nínú ọbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, kí a ṣe àpótí onígíláàsì kan sí gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́. Bí ó bá gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní ìdajì mítà, tí ó sì ga bákan náà, lítà 250 ni yóò gbà, èyíinì ni kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá péré. Omi yẹn yóò wọn kílò 250, nítorí náà kì í ṣe orí tábìlì tí a ń kọ̀wé lé ni a ó gbé e kà. Àrọ̀ ni kí a fi sínú rẹ̀. Àrọ̀ ní ohun kan nínú orí tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ bí àwa, a sì máa yọ ẹnu sókè omi láti gbà á. Bí iná lọ, bí iná dé, kò kàn án. Ẹpìyà kò ní irú ìfaradà yìí. Bí omi ẹ̀rọ bá ni a ó lò, kí a pọn ọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí oògùn inú rẹ̀ lè fò lọ, kí a sì máa pààrọ̀ bí ìdajì rẹ̀ lọ́sẹ̀, nítorí àrọ̀ kò mọ ìmọ́tótó. Àwọn kan ní ìyà ni a fẹ́ fi jẹ ẹja. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé kó dànù, mo sì gbà pé kí ó má ju kékeré méjì lọ. Bí wọ́n bá ti dàgbà jù fún àpótí náà, kí a dá wọn padà fún ẹni tí ó ń sìn wọ́n.

Káfíńtà wa ti ṣèlérí tábìlì. Akápò sọ fún mi pé owó ọkọ̀ kò ṣòro. Ìwé tí a ń kọ orúkọ sí wà ní ìsọ̀ mi. Títí di ọjọ́ tí mo kọ èyí, ìyá mọ́kànlá ni wọ́n ti fi orúkọ sílẹ̀, baba méjì, ọ̀kan nínú wọn sì ni èmi.