Ìpápánu Purotéènì: Ẹ Yí I Padà, Kí Ẹ Ka Ẹ̀yìn Rẹ̀

Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ rí ìpápánu tí àwọn elédè Faransé ń pè ní « barre protéinée » ní láti dé àwọn ilé-ìtajà ńlá ìlú Kútọ́nú. Lónìí, a ti ń rí i ní Àjàṣẹ́ pẹ̀lú, lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù àti àwọn tó ń gbé irin, àní nínú àpò ilé-ìwé àwọn ọmọ tí kì í ṣe eré ìdárayá kankan. Ìbéèrè tí àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ ń bi wá lórí rẹ̀ kò yàtọ̀ síra: ṣé oúnjẹ tó ń ṣara lóore ni, àbí ohun dídùn lásán tí wọ́n wọ̀ láṣọ oúnjẹ?

Lójú tiwa, orúkọ tó ń jẹ́ kò tó láti fi dá a láre, kò sì tó láti fi dá a lẹ́bi. Àwọn kan wà nínú wọn tó dára níwọ̀nba. Púpọ̀ nínú wọn kò jìnnà sí bisikíìtì oníṣokoléètì. Ohun tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì kò sí ní iwájú bébà tí wọ́n fi wé e, níbi tí wọ́n ya àwòrán ọkùnrin oníṣan sí. Ẹ̀yìn ló wà, ní lẹ́tà wínníwínní tí àgbà gbọ́dọ̀ wá awò ojú kó tó lè kà.

Ọ̀pọ̀ èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, láti ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ti ń wá, òfin ibẹ̀ sì ni wọ́n tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí i lára. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2006 sọ pé kí oníṣòwò tó lè kọ « riche en protéines » sára oúnjẹ, ó kéré tán, ìdá 20 nínú 100 agbára tí oúnjẹ náà ń fún ara gbọ́dọ̀ ti inú purotéènì wá. Bí ó bá tó ìdá 12, ó lè kọ « source de protéines ». Ẹ fiyè sí ohun tí ìlànà yìí kò sọ: kò bu òdiwọ̀n kankan fún ṣúgà tó lè wà nínú ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò là á yé ara wa. Ká ní ìpápánu kan wúwo tó gíráàmù 45, tí purotéènì inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 10, tí ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ 7, tí ohun tí wọ́n kọ ní « glucides » jẹ́ 20, tí 14 nínú 20 yìí sì jẹ́ ṣúgà. Gíráàmù purotéènì kan ń fún ara ní kálórì 4, « glucides » náà bẹ́ẹ̀, ọ̀rá ń fún un ní 9. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ kálórì 183, 40 nínú rẹ̀ ló sì ti inú purotéènì wá. Ó ti lé ní ìdá 20 nínú 100 nìyẹn. Oníṣòwò lè kọ « riche en protéines » gàdàgbà síwájú rẹ̀ láìrú òfin, bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà inú rẹ̀ ju purotéènì lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó horo ṣúgà mẹ́ta irú èyí tí a ń jù sínú kọfí. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tó jáde ní ọdún 2015, ni pé kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má ju ìdá 10 nínú 100 agbára oúnjẹ òòjọ́ lọ, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 50 fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000. Bí a bá lè dín in kù sí ìdajì, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn iye ṣúgà, ibi kejì tí ó yẹ kí ojú lọ ni « ingrédients ». Ohun tó bá wúwo jù lọ ni wọ́n ń kọ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí a kò fẹ́ kí ó fo ẹnikẹ́ni dá: ṣúgà lè jẹ́ orúkọ mẹ́rin nínú ìpápánu kan ṣoṣo. « Sirop de glucose », « dextrose », « sirop de riz », « miel »: bí a bá pín in báyìí, kò sí èyí tó máa wúwo tó láti bọ́ sí òkè, bẹ́ẹ̀ ni àpapọ̀ wọn ì bá ṣáájú gbogbo ohun yòókù. Àwọn mìíràn yẹra fún ṣúgà, wọ́n fi « maltitol » àti àwọn ẹbí rẹ̀ rọ́pò. Ìkìlọ̀ tí òfin ní kí wọ́n kọ sára oúnjẹ tí irú èyí bá pọ̀ nínú rẹ̀ ni pé àjẹjù rẹ̀ lè mú kí inú ṣí. Ẹni tó fẹ́ wọ mọ́tò láti Kútọ́nú lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ fi mẹ́ta irú rẹ̀ ṣe oúnjẹ àárọ̀.

Purotéènì fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe irú kan ṣoṣo. Ti wàrà, ti ẹyin àti ti sójà dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí « gélatine » tàbí « hydrolysat de collagène » lókè níbẹ̀, awọ, egungun tàbí iṣan ẹran ni wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n ń kà á mọ́ purotéènì nígbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn èròjà mẹ́sàn-án tí ara kò lè dá ṣe, èyí tí à ń pè ní « tryptophane », kò sí nínú rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tó ń ka ìwé wa yóò tún fẹ́ mọ̀ bóyá ti màlúù ni tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀. Bí wọn kò bá dárúkọ ẹran náà, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Purotéènì mélòó ni ènìyàn tilẹ̀ nílò? Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ àgbáyé fi ẹnu kò lé lórí fún àgbàlagbà jẹ́ gíráàmù 0.83 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ wúwo. Ẹni tó wúwo tó kílò 60 yóò nílò nǹkan bíi gíráàmù 50 lóòjọ́. Eléré ìdárayá tó ń ṣiṣẹ́ gidi nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti 1.2 dé 2 fún kílò kan. Èyí tó bá ju ohun tí ara lè lò lọ kì í di iṣan. Ara a fi í ṣe agbára, tàbí kí ó tọ́jú rẹ̀ bí ọ̀rá. Iṣẹ́ ló ń mú iṣan yọ, oúnjẹ kàn ń bá a gbé ẹrù ni.

Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ni a ó ti wá gíráàmù 50 náà. Ẹyin kan ní tó gíráàmù 6. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan ní tó 7. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100 ní ju 20 lọ, inú rẹ̀ sì ni àkàrà, ọ̀ọ̀lẹ̀ àti àdàlú ti ń jáde. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá sí ọjà Ṣábẹ̀ẹ́, tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà pa láró pupa, kò ní « sirop » kankan nínú. Kúlíkúlí Agọnlin, ní ìwọ̀-oòrùn Kétu, kí ni kì bá jẹ́ bí kò ṣe ìpápánu purotéènì? Nígbà tí wọ́n bá ti fún òróró jáde lára ẹ̀pà, purotéènì tó kù á tún nípọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa tó ń fi ẹ̀kọ jẹ àkàrà náà kò sì kéré: èròjà tí àgbàdo kò ní tó, ẹ̀wà ní i lọ́pọ̀, èyí tí ẹ̀wà ṣaláìní, àgbàdo a bá a dí i.

A kò sọ èyí láti yin tilé ní àyìnjù. Ẹ̀pà tí omi kàn, tó hu olú, ń mú májèlé kan jáde tí à ń pè ní « aflatoxine », tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí iná àti òróró gbígbóná kì í sì í pa tán. Ní ọdún 2002, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọdé 480 ní Benin àti Togo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ tí wọn kò rí ipa májèlé yìí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn tí ìdàgbàsókè wọn ti fà sẹ́yìn ni tiwọn sì pọ̀ jù. Nítorí náà, kúlíkúlí tó bá ń korò, tàbí tó ń rùn bí ohun tó bu, kò yẹ fún ọmọ, bó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó.

Ohun tó dùn wá ju ọ̀rọ̀ ṣúgà lọ ni ti ojú tó ń ti àwọn ọmọ wa. Ojú kì í ti ọmọ tó ń ya bébà dídán níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n à ń rí èyí tó ń fi àkàrà tí ìyá rẹ̀ dín fún un pamọ́. Owó oúnjẹ ọ̀sán a lọ sórí ìpápánu kan, ebi á sì tún padà dé kí agogo mẹ́ta tó lù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣe ìṣirò yìí fúnra yín ní ọjà Wàndó: ẹ pín owó ìpápánu náà sí iye gíráàmù purotéènì tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ pín owó ẹyin sísè méjì sí 12. Ẹ fi ìdáhùn méjèèjì han ẹni tó ń bá yín lò pọ̀ ní pápá.

Ìgbà kan wà tí a kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀: ẹni tó wà lójú ọ̀nà tí kò rí oúnjẹ tó mọ́, tàbí eléré tí ìdíje méjì kò fún láàyè láti jókòó jẹun. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yan èyí tí purotéènì rẹ̀ ju ṣúgà rẹ̀ lọ, tí « ingrédients » rẹ̀ kò gùn ju ohun tó lè kà tán lọ, kí ó sì mu omi sí i. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ní láti wo « glucides » látòkè délẹ̀, kì í ṣe « sucres » nìkan. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń dà láàmú kò gbọdọ̀ fi purotéènì kún oúnjẹ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti inú bébà tàbí ti inú ìkòkò, láìjẹ́ pé ó ti bi dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀.