KÍ A TÚN ILÉ ÌKÀWÉ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ WA ṢE, KÍ A MÁ WÓ O

Ó ti di àṣà ní Èjìgbò àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, ní Ọlá, ní Màsífà àti ní Ìwátà, pé bí àkókò ọdún Ògìyán bá dé, tàbí bí òpin ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ọmọ wa tí ń gbé Èkó, Ìbàdàn àti Àbíjàn sì ti wálé, ọ̀rọ̀ àtúnṣe ilé-ẹ̀kọ́ ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Èyí dùn mọ́ wa nínú púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí a kò lè gbójú fò. Nígbàkúùgbà tí a bá dárúkọ ilé ìkàwé, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́ ni pé kí a wó ti àtijọ́ palẹ̀, kí a kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun sí ipò rẹ̀, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó san owó rẹ̀ sí ara ògiri, kí a sì gé ríbọ́ọ̀nù níwájú rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Àwa kò lè fọwọ́ sí i. A bẹ ẹ̀yin ọlọ́lá ìjòyè, ẹ̀yin baálẹ̀, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, pé kí ẹ fi sùúrù gbọ́ ìdí tí a fi ń wí bẹ́ẹ̀.

Láìpẹ́ yìí ni a wọ ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní àdúgbò wa. A kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Àgádágodo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti dípẹtà. Inú rẹ̀ móoru bí ààrò, nítorí pé àjà rẹ̀ ti já, páànù gbígbóná nìkan ni ó sì bo orí ẹni. Pẹpẹ ìwé fara ti ògiri, ikán sì ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè dé ìpele kẹta. A fa ìwé kan yọ, èèpo rẹ̀ nìkan ni ó bá ọwọ́ wa wá. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé ògiri ilé náà kò sán. Ó nípọn, ó dúró ṣinṣin, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò sì rì. Lórí pẹpẹ òkè pátápátá, níbi tí ikán kò tíì dé, a bá Aláwìyé ti J. F. Ọdúnjọ, a bá ìwé D. O. Fágúnwà ní àtẹ̀jáde àtijọ́, a sì bá àwọn ìwé ìkàwé Yorùbá mìíràn tí owó kò lè rà ní ọjà lónìí. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìwọ̀nyí ní ọjọ́ tí katakata bá dé láti wó ilé náà? A ti rí i níbòmíràn. A óò kó wọn sínú àpò sìmẹ́ńtì, a óò gbé wọn sí abẹ́ igi títí òjò yóò fi pa wọ́n, lẹ́yìn náà àwọn alákàrà yóò wá kó èyí tí ó bá kù.

Kì í ṣe ogbó ni ó pa ilé náà. Àìní olówó orí ni. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù January 1955, iye ọmọ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà lé ní 800,000, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tó 500,000 ní ọdún tí ó ṣáájú. Ìlú àti ìjọ ni ó ru ẹrù náà pẹ̀lú ìjọba: ẹni tí kò lówó fi apá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìjọba wá gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àárín àwọn ọdún 1970, ìlú rò pé ẹrù ti kúrò lórí òun pátápátá. Ìwé Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1977, pàṣẹ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ní ilé ìkàwé tí ń ṣiṣẹ́. Ìwé ìlànà náà dára. Ṣùgbọ́n kì í ra ìgbálẹ̀, kì í sì í san owó oṣù ẹni tí yóò di ìgbálẹ̀ náà mú. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun tí a bá kọ́ ní ọdún yìí láìsí olówó orí yóò rí bí ti àtijọ́ kí ogún ọdún tó pé. A óò kàn ti ná owó tí ó pọ̀ jù ti àkọ́kọ́ lọ ni.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn mìíràn ti ṣe. Ní abúlé Gando, ní ilẹ̀ Burkina Faso tí ó bá Ivory Coast pààlà, a bí ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Francis Kéré. Ó lọ sí Jámánì, ó kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti kó owó jọ fún ilé-ẹ̀kọ́ abúlé rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà parí ní 2001. Kò kó òkúta láti ìlú òyìnbó wá. Amọ̀ ilẹ̀ wọn ni a pò mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ tí a fi ṣe bíríkì, àwọn ará abúlé ni ó sì ṣe é, tọkùnrin tobìnrin. Ó gbé páànù sókè kúrò lórí àjà, kí ooru lè gba àárín wọn jáde. Ó sì jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáradára kí òjò má baà nà ògiri. Nígbà tí ó kan ilé ìkàwé, àwọn obìnrin abúlé ru ìkòkò amọ̀ wá, a gé wọn, a sì tò wọ́n sínú àjà nígbà tí a ń dà á, tí ó fi jẹ́ pé ẹnu ìkòkò ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé tí ooru sì ń gbà jáde. Ní 2022 a fún Kéré ní ẹ̀bùn Pritzker, èyí tí kò sí irú rẹ̀ láàrín àwọn ayàwòrán-ilé ní gbogbo ayé, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á. A kò sọ pé kí a lọ wá ìkòkò kún orí ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin kò jìnnà sí wa. Ohun tí a ń wí ni pé ọgbọ́n tí ayé ń yìn lọ́wọ́ ọmọ Gando kò yàtọ̀ sí ọgbọ́n tí àwọn baba wa fi ń kọ́ ilé: ògiri amọ̀ tí ó nípọn, òrùlé tí ó yọ síta, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a ń jókòó sí ní ọ̀sán.

Ní ilé wa níhìn-ín náà, ẹni tí ó bá ti wọ ilé ìkàwé ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí a ń fi orúkọ Kenneth Dike pè, yóò rántí àwọn ògiri oníhò tí ó yí i ká. Maxwell Fry àti Jane Drew, òyìnbó tọkọtaya, ni ó ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ kò bá la ilé já, ìwé yóò hu ní ìgbà òjò.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí a fi ògiri àtijọ́ sílẹ̀, kí a rẹ́ ẹ dáradára. Kí a ṣí páànù, kí a gbé e sókè, kí a kan àjà sí abẹ́ rẹ̀, kí a sì fi àlàfo sí àárín méjèèjì. Kí pẹpẹ ìwé má ṣe kan ògiri, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì kan ilẹ̀ amọ̀. Kí a fi igi líle bí ìrókò tàbí apá ṣe é, nítorí igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wọ́n owó díẹ̀ ni ikán fẹ́ràn jù. Kí a gbẹ́ gọ́tà yí ìdí ògiri ká, kí omi òrùlé sì máa ṣàn sínú táńkì fún àwọn ọmọ. Ní ti ìmọ́lẹ̀ alẹ́, a fara mọ́ ẹ̀rọ tí ń gba iná lára oòrùn; ṣùgbọ́n kí àwọn tí yóò rà á mọ̀ pé páńẹ́ẹ̀lì lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí bátìrì kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Bí a kò bá ti ọjọ́ àkọ́kọ́ máa fi owó bátìrì pamọ́, òkùnkùn ni a rà.

Ní ti fífẹ̀ ilé náà, ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìwé ni ó nílò ògiri mẹ́rin. Ọmọ tí ń kàwé kò nílò ju òrùlé, ìjókòó àti ìmọ́lẹ̀ lọ. Bí a bá fa ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbòòrò kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé náà níhà àríwá, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kò ti ní í ta sí wọn lójú, gbogbo inú ilé yóò ṣófo fún ìwé, iye ọmọ tí ó lè jókòó yóò sì di ìlọ́po méjì, láìkọ́ ju òpó àti òrùlé lọ.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá jù. Irú ìwé wo ni a óò kó sí ibẹ̀? Kò sí ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí bí ti Èjìgbò nínú èyí. Ó ju ìran mẹ́ta lọ tí àwọn ènìyàn wa ti ń lọ sí ilẹ̀ Ivory Coast. Ọkọ̀ ń ti ìlú wa lọ sí Àbíjàn tààrà, a sì ń gbọ́ Faransé ní ọjà bí ẹni pé ẹ̀ka èdè wa ni. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ náà ní oṣù September 2002, àti nígbà tí ìjà ìdìbò 2010 di ìbọn yíyìn ní 2011, ọ̀pọ̀ ìdílé kó ọmọ wọn padà wálé. Títí di òní, àwọn ọmọ mìíràn ṣì ń bọ̀. A mọ irú wọn dáradára. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè kà á. Ó ń ka Faransé geere. Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń ṣe ìdánwò kò yé e. A óò wá fi í jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ó dàgbà jù lọ ní ọdún mẹ́ta, wọn óò máa fi í rẹ́rìn-ín, kò ní í pẹ́ kí ó tó sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni òun yóò kọ́. Ọlọ́pọlọ ọmọ ni. Ohun tí ó mọ̀ ni kò sí nínú yàrá tí a fi í sí.

Nítorí náà ni a ṣe wí pé ilé ìkàwé Èjìgbò kò gbọdọ̀ dàbí ti ìlú mìíràn. Kí pẹpẹ mẹ́ta wà níbẹ̀, ti Yorùbá, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé, kí ọmọ tí ó bá ti Treichville dé lè rí ìwé kan tí ó lè kà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ̀gàn kọ́ ni èyí jẹ́ fún èdè wa. A ti rí i pé ọmọ tí kò tijú nítorí èdè kan ni í tètè kọ́ òmíràn. Pierre Verger, ará Faransé tí ó di babaláwo tí ó sì ń jẹ́ Fátúmbí, tẹ ìwé ńlá kan jáde ní èdè rẹ̀ ní Paris ní 1982 lórí àwọn òrìṣà Yorùbá nílé àti lẹ́yìn òkun. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ̀rọ̀ nípa Ògìyán ti Èjìgbò, àti nípa ìjà àtòrì tí Òkè Màpó àti Ìsàlẹ̀ Òṣòlò ń bá ara wọn jà ní ọjọ́ ọdún. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, wọ́n ṣì ń pe Ògìyán títí di òní. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n gbọ́ Faransé ni ó lè ka ìwé náà fún ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n a kò rí i ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan tí a dé ní àdúgbò yìí.

Àwọn kan yóò wí pé ayé ìwé ti kọjá, pé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ti gba ipò rẹ̀. Wọ́n yóò rán wa létí Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé kalẹ̀ ní 2013, tí a kó ọ̀pọ̀ ìwé sínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Èrò rere ni, a sì yìn ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá kú, gbogbo ìwé inú ẹ̀rọ kú ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ikán tilẹ̀ ní àánú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń jẹ tirẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ olùtọ́jú. Ní 1973, Ọ̀jọ̀gbọ́n Felicia Adétòwún Ògúnṣẹ̀yẹ, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, òun àti ẹ̀ka rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ilé ìkàwé àwọn ọmọdé ní Abádínà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ kékeré Yunifásítì ń gbé. Nítorí pé àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé ni ó dá a sílẹ̀, ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ rò, kì í ṣe ilé. Ní ọ̀dọ̀ wa, olùkọ́ tí kò ní iṣẹ́ púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà ni a máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ fún, kọ́kọ́rọ́ náà a sì máa bá a lọ sí ìlú rẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá ṣí i nípò padà.

A fẹ́ kí ìlú gba olùtọ́jú kan fún ara rẹ̀, ọmọ ìbílẹ̀ tí ó kàwé, kí ó máa ṣí ilẹ̀kùn lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ àti ní àkókò ìsinmi, kí ó máa gbọn eruku ọyẹ́, kí ó sì máa wo ẹsẹ̀ pẹpẹ fún ikán lóṣooṣù. Bí 200 ènìyàn péré láàrín àwọn ọmọ wa nílé àti lóko bá ń san 1,000 náírà lóṣooṣù, 2,400,000 náírà ni lọ́dún. Owó náà kò tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n ó lè san owó oṣù díẹ̀díẹ̀, kí ó sì ra ìwé. Kí a fi í sí báńkì lábẹ́ ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta, ọ̀kan láti ààfin, ọ̀kan láti ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan láti ẹgbẹ́ àwọn ará Àbíjàn, kí a sì ka ìṣirò rẹ̀ síta ní gbangba lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a kọ orúkọ òun sí ara ògiri, kí a kọ ọ́ bí ó bá ti san án fún ọdún mẹ́wàá.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù April, a bẹ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí a wọlé wá kọ orúkọ àwọn ìwé tí ó ṣẹ́kù sílẹ̀, kí a sì gbé àwọn tí ó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ kúrò nílẹ̀. Nínú ìwé wa ti oṣù tí ń bọ̀, a óò tẹ orúkọ àwọn ìwé Yorùbá àti ti Faransé tí a rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ rà.