Ẹ jẹ́ kí fóònù gbé ọmọ dìde nílẹ̀: Eré ìwákiri tí ọmọdé àti àgbà lè jọ ṣe

  Ẹjọ́ kan náà ni àwọn òbí ń rò kiri báyìí: ọmọ kò kúrò nídìí fóònù mọ́. Kò tíì bọ́ aṣọ ilé ìwé lọ́rùn tí yóò ti máa wá fóònù ìyá rẹ̀, bí wọ́n bá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹkún ló kù. Nínú ilé kan náà, màmá àgbà jókòó sínú yàrá, orókún ń dùn ún, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ àfi rédíò. Lónìí, eré kan la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tó lè mú ọmọ àti ìyá àgbà jáde síta lẹ́ẹ̀kan náà, fóònù tó ń fa ìjà yẹn náà la ó sì fi ṣe é. Geocaching ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní eré ìwákiri.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ òyìnbó náà dẹ́rù bà yín. Gbogbo wa la ṣe bojúbojú nígbà tí a wà lọ́mọdé. Bojúbojú náà nìyí, ike kékeré ló kàn ń sá pamọ́ dípò ènìyàn, tí fóònù sì ń júwe ibi tó sá sí.

Bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Àwọn sátẹ́láìtì kan wà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé sójú òfuurufú, tó ń sọ ibi tí ènìyàn wà fún un. GPS ni wọ́n ń pè é. Láyé àtijọ́, ìjọba náà mọ̀ọ́mọ̀ ń da èyí tí àwọn ará ìlú ń lò rú, tó fi lè ṣì nǹkan sí ibi tó jìnnà tó ọgọ́rùn-ún mítà. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, ọdún 2000, wọ́n dáwọ́ ìdàrúdàpọ̀ yẹn dúró. Lọ́jọ́ kejì gan-an, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer gbé korobá kan pamọ́ sínú igbó ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó kó ìwé àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ mìíràn sínú rẹ̀, ó wá fi nọ́ńbà ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹni tó bá fẹ́ wá a lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ni GSM wọ Nàìjíríà. Lónìí, irú nǹkan tí wọ́n gbé pamọ́ bẹ́ẹ̀ ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ káàkiri ayé.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ ṣeré náà yóò gba áàpù Geocaching sórí fóònù rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá sanwó. Máàpù yóò fi ibi tí wọ́n gbé nǹkan pamọ́ sí hàn án. Yóò mú ọ̀kan, fóònù yóò sì máa sọ iye mítà tó kù fún un. Bó bá débẹ̀, ojú ló kù, nítorí pé ní gbangba ìta, fóònù lè fi bíi mítà márùn-ún ṣì í. Lábẹ́ igi ńlá tàbí láàárín ilé gíga, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rí i yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kékeré tó wà níbẹ̀. Bó bá mú nǹkan níbẹ̀, yóò fi òmíràn tó tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò dá a padà síbi tó wà. Wọn kì í fi oúnjẹ, ohun ìjà tàbí oògùn sínú rẹ̀, wọn kì í gbẹ́ ilẹ̀ láti rì í mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀.

Ẹ̀yin tí owó dátà ń dùn, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. GPS fúnra rẹ̀ kì í jẹ dátà. Fóònù kàn ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì mẹ́rin ó kéré tán, tí wọ́n wà lókè ní nǹkan bí ogún ẹgbẹ̀rún kìlómítà, ó sì ń fi ṣe ìṣirò ibi tó wà. Máàpù ló ń jẹ dátà, ẹ sì lè ti ilé gbà á sílẹ̀ kí ẹ tó jáde. Bátìrì ló máa ń tètè tán, ẹ gba iná sí fóònù kó kún kí ẹ tó kúrò nílé.

Bí a ó ṣe ṣe é ní ilẹ̀ Rẹ́mọ

Bí ẹ bá ṣí áàpù náà ní Ṣàgámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́, tí ẹ kò rí nǹkan kan nítòsí yín, ẹ má bínú pa á dé. Ẹ lè dá tiyín sílẹ̀ láàárín ẹbí, èyí gan-an ló dára jù fún ọmọ kékeré, nítorí ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ẹ gbé e sí àti ẹni tó ń wá a.

Ẹ wá ike bọ́tà tó ní ìdérí tó le. Ẹ fi ìwé kékeré kan, pẹ́ńsù àti nǹkan ìṣeré wẹ́wẹ́ bíi bọ́ọ̀lù gíláàsì tàbí rọ́bà ìparẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rá wé ìwé náà nítorí òjò. Pẹ́ńsù sàn ju báírò lọ, omi kì í tètè pa ohun tí a fi í kọ rẹ́. Ẹ wá gbé e sí àgbàlá ilé, ọgbà ilé ìwé tí wọ́n fún yín láyè láti lò, tàbí ọgbà ilé ìjọsìn yín, kí alákòóso ibẹ̀ sì ti mọ̀ sí i. Ẹ ṣí máàpù orí fóònù yín, ẹ tẹ ìka mọ́ ojú ibẹ̀ títí àmì pupa yóò fi yọ. Ẹ ó rí nọ́ńbà méjì gígùn. Ní Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́, 6 ni àkọ́kọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀, 3 ni èkejì yóò fi bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ń sọ bí a ṣe jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì lọ sí àríwá, èkejì ń sọ bí a ṣe jìnnà sí Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹ kọ nọ́ńbà náà fún ọmọ, kí òun náà tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, kó sì máa lọ, kí ẹ̀yin máa tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ kọ ọ́ o. Bó bá ṣi nọ́ńbà kejì lẹ́yìn pọ́ìntì pẹ̀lú ẹyọ kan péré, ibi tí yóò lọ yóò jìn ju kìlómítà kan lọ sí ibi tí ike wà. Bó bá jẹ́ ìkarùn-ún ló ṣì, mítà kan péré ni. Ìṣirò tí ọmọ ń sá fún ní kíláàsì nìyẹn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń kọ́ ọ.

Iṣẹ́ àgbà nínú eré náà

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá àgbà, ẹ̀yin lẹ ó máa pa àlọ́ tí yóò ṣí ọ̀nà. Ní àwọn ibi ńlá tó lórúkọ, ẹ má gbé ike kankan pamọ́ síbẹ̀. Ìbéèrè ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kó jẹ́ èyí tí ọmọ kò lè dáhùn àfi tó bá fojú ara rẹ̀ rí ibẹ̀. Ẹ lè wí pé: "Mú mi lọ síwájú ilé ìwé tí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan tó fẹ́ràn ṣòkòtò péńpé dá sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1956, kí o sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fún mi." Bí ọmọ bá dé Mayflower School, yóò bèèrè ẹni tí Tai Solarin jẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì sọ fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí wọ́n sin wọ́n sí lẹ́yìn tí wọ́n jáde láyé ní ọdún 1987. Fóònù yóò sọ nọ́ńbà ibẹ̀ láìṣì. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ báyìí. Ó lè jẹ́ òun ni bàbá tó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. Ta ni yóò sọ fún ọmọ bí ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ti rí, bí bàbá yẹn kò bá sọ ọ́? Ní Ṣàgámù, ẹ lè ní kí ó wá àwọn àdúgbò tó jẹ́ ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó para pọ̀ di Ṣàgámù, bí Òfin, Màkún, Ìjàgbà àti Sọ́nyìndó. Fóònù mọ ojú ibi tí wọ́n wà, àgbà ló mọ bí wọ́n ṣe débẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ fún ara

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé ó yẹ kí ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 17 máa fi ọgọ́ta ìṣẹ́jú lóòjọ́ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná. Fún àgbàlagbà, ó kéré tán, àádọ́jọ ìṣẹ́jú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ti tó ọdún 65 yẹ kó tún máa ṣe eré ìdárayá tí kì í jẹ́ kí ènìyàn tètè ṣubú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Fún ọmọ ọdún 2 sí 4, wọ́n ní kí jíjókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù má ju wákàtí kan lọ lóòjọ́. Bí ẹ bá wá ike mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ lè ti fi ẹsẹ̀ rìn fún wákàtí kan láìmọ̀.

Ẹ̀yin àgbà, kí ẹ ṣe é níwọ̀n. Ẹni tó ti pẹ́ tó ti rìn jìnnà gbẹ̀yìn, tàbí tó ní àrùn ọkàn, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ lọ ní àárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ mú omi àti ọ̀pá ìtilẹ̀ dání. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kó wọ bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀, kó ní ṣúgà tàbí súìtì lápò, kó sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò bó bá padà délé. Bí àyà bá ń dun yín tàbí tí èémí kò já gaara, ẹ jókòó lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún

Ibi tí eré yìí ti lè di wàhálà nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú fò ó. Ilẹ̀ Yorùbá la wà. Ike tí wọ́n dì pamọ́ sí ìdí igi tàbí oríta, ta ni kò ní rò pé ẹbọ ni, tàbí ohun tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ? Nítorí náà, ẹ má gbé nǹkan sí oríta, ìdí ojúbọ, oko olóko tí a fi ààlè sí, ọjà, bánkì, ẹ̀gbẹ́ àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ibùdókọ̀. Ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ sára ike pé "ERÉ ỌMỌDÉ NI O", kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù òbí sí i, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ sílé bí eré bá parí. Ẹ sì kọ́ ọmọ pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹrù tó bá rí nílẹ̀ tí kì í ṣe ti eré yìí.

Ẹ bèèrè ọjọ́ Orò kí ẹ tó yan ọjọ́, kí ẹ má sì wọ igbó Orò rárá. Ẹ jìnnà sí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn àti èyí tó lọ sí Benin, ẹ jìnnà sí kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì ní Ṣàgámù, omi inú irú kòtò bẹ́ẹ̀ jìn ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ dá lọ, ayé tí a wà yìí kò gba bẹ́ẹ̀. Òbí ni kó forúkọ sílẹ̀ lórí áàpù, kí ó má sì fi nọ́ńbà ilé rẹ̀ síbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i.

Ọ̀pá ni kí ẹ fi tú koríko, ẹ má ti ọwọ́ bọ ihò. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má fi abẹ gé ojú rẹ̀, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má sì fi okùn dì í. Ẹ bọ́ òrùka tàbí ẹ̀gbà ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ tó wà ní Ṣàgámù.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ló mọ fóònù tẹ̀, àgbà ló mọ ọ̀nà àti ìtàn ilẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ike bọ́tà kan péré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nínú àgbàlá yín. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o, kí ara ó le.