Ẹ Sọ Àmì Yín Kí Ẹ Tó Gé Máàkì Wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó rí ní kíláàsì ìṣirò ní yunifásítì, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló dá wàhálà sílẹ̀: v.

Àwa tá a kàwé kọ̀ǹpútà, ilé-ìwé kan náà la ti pàdé oríṣi v mẹ́rin. Olùkọ́ ìṣirò fi ọfà lé e lórí. Olùkọ́ físíìsì fa ìlà sí i lábẹ́. Ìwé tí wọ́n ní ká rà tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà dúdú tó nípọn. Nígbà tá a dé kíláàsì linear algebra, v lásán ni olùkọ́ ibẹ̀ kọ, kò fi nǹkan kan sí i. Vector ni gbogbo wọn ń pè, ìyẹn ohun tó ní ìwọ̀n, tó sì ní ibi tó dorí kọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ohun kan náà ni.

Ìdánwò dé. Ọ̀kan nínú wa fa ìlà sábẹ́ v rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà, ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà. Wọ́n gé máàkì níbi gbogbo tí ọfà ò sí. Máàkì méjì ló kù kó yege. Bó ṣe di carry-over nìyẹn, ló bá fi ọdún kan gbáko kún un: owó ilé-ìwé, owó yàrá, àti ìyá tó ń béèrè pé, "Ṣé o ò tíì parí ni?" Nítorí ọfà!

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A ò sọ pé àmì ò wúlò. Àwa tá à ń kọ Yorùbá mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ yọ àmì ohùn kúrò lórí ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀, kẹ́ ẹ wá wo bí obìnrin ṣe máa fẹ́ ohun ìroko. Bákan náà ni vector. Èyí tó lọ 3 sí ọ̀tún, tó lọ 4 sókè, ìwọ̀n rẹ̀ 5 ni, ṣùgbọ́n 5 yẹn kì í ṣe vector náà. Ẹni tó bá fi v kan náà pe méjèèjì ń da òǹkàwé rú.

Ṣùgbọ́n ta ló ní ọfà nìkan ló tọ́? James Clerk Maxwell lo lẹ́tà Jámánì àtijọ́ nínú ìwé rẹ̀ lórí iná mànàmáná ní 1873. Oliver Heaviside ní Ìlú Ọba rí i pé wọ́n ṣòro kà, ó fi lẹ́tà dúdú tó nípọn rọ́pò wọn. Lẹ́tà dúdú yìí náà ló wà nínú Vector Analysis, ìwé tí Edwin Wilson kọ jáde ní 1901 láti inú ẹ̀kọ́ tí Willard Gibbs kọ́ wọn ní Yale. Bírò ò sì lè kọ lẹ́tà tó nípọn, ìyẹn làwọn kan ṣe ń fa ìlà sábẹ́. Àní, ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 80000-2 gba lẹ́tà dúdú, ó tún gba ọfà.

Yorùbá tó kàwé ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin, lè kọ ɔmɔ. Ti Ìbàdàn á kọ ọmọ. Ọmọ kan náà ni wọ́n ń pọ̀n.

Èyí tó dùn wá jù rèé. Níbi iṣẹ́, kọ̀ǹpútà ò béèrè ọfà. Nínú NumPy, tẹ́ ẹ bá ro vector oní-nọ́ńbà mẹ́ta tí ìrísí rẹ̀ jẹ́ (3,) pọ̀ mọ́ èyí tó dúró lóòró, (3,1), kò ní pariwo. Tábìlì oní-nọ́ńbà mẹ́sàn-án ló máa gbé fún yín. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣe wá bẹ́ẹ̀, a ò sùn. Kíláàsì tó gé máàkì nítorí ọfà ò fìgbà kan béèrè bóyá vector wa dúró ni àbí ó dùbúlẹ̀.

Àwọn kan á ní ilé iṣẹ́ pàápàá ní òfin bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ òfin náà sílẹ̀ kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe, wọ́n á ní kó tún un kọ; wọn kì í gba ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ohun tá à ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ẹ kọ àmì yín sójú pátákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ìdánwò. Ọmọ tó bá lo àmì mìíràn tó hàn kedere, tí kò sì yí i padà, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀. Èyí tó bá pe vector ní nọ́ńbà lásán, ẹ gé tiẹ̀. A ò ní bá a bẹ̀bẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ká wá pàdé òun lọ́jà, kó sọ ẹnu ọ̀nà tóun wà.