Ọmọ Òkú Ń Béèrè, Ìjọba Ń Wá Fáìlì

Ìjọba a máa rò pé bí òun bá ti ti fáìlì mọ́ inú àpótí, ọ̀rọ̀ ti parí. Òkú kì í béèrè ọ̀rọ̀, amí tó bá sì ti fẹ̀yìn tì gbọdọ̀ pa ẹnu mọ́ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ohun tí ìjọba kì í sábà rántí ni pé òkú a máa fi ọmọ sílẹ̀.

Orí èyí ni John le Carré gbé A Legacy of Spies lé, ìwé tó jáde ní 2017, nígbà tí òǹkọ̀wé náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ amí fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí. Ìwé tó sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀ ni The Spy Who Came in from the Cold, tó jáde ní 1963, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n mọ ògiri Berlin. Nínú ìwé yẹn, àwọn ọ̀gá amí ní Lọ́ńdọ̀nù rán Alec Leamas sí Ìlà Oòrùn Jámánì. Ó gbà pé Mundt, ọ̀gá amí ọ̀tá, ni òun ń lọ bá kanlẹ̀. Irọ́ ni. Mundt gan-an ni Lọ́ńdọ̀nù ń dáàbò bò, nítorí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún wọn lábẹ́lẹ̀. Liz Gold, olólùfẹ́ Leamas, tí wọ́n fi ẹ̀tàn fà lọ síbẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ògiri náà ni àwọn méjèèjì kú sí.

Nínú ìwé ti 2017, ọmọ Leamas, Christoph, àti ọmọ Liz, Karen, fẹ́ pe ìjọba lẹ́jọ́. Wọ́n pe Peter Guillam láti oko rẹ̀ ní Brittany, nílẹ̀ Faransé, kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ibi tí ìwé náà ti lágbára jù lọ ni yàrá tí àwọn agbẹjọ́rò ti ń da ìbéèrè bò ó. Ẹni ìgbàlódé ni wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ọrùn tí wọn yóò so okùn mọ́ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe òtítọ́. Guillam náà ń purọ́ fún wọn, nítorí irọ́ ni iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Fáìlì tó yẹ kó sọ̀rọ̀ kò sí níbi tó yẹ kó wà. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Lọ́ńdọ̀nù yìí ti lé ní àádọ́ta.

Àwọn kan yóò sọ pé ìgbà Ogun Tútù ni, pé bí kò bá sí àṣírí, ta ni yóò gbà láti ṣe amí? Òótọ́ wà níbẹ̀. Orúkọ amí tó ṣì wà láàyè kì í ṣe ohun à ń pariwo lọ́jà. Ṣùgbọ́n Liz kì í ṣe amí. Ààbò ìlú wo ló bàjẹ́ bí ọmọ rẹ̀ bá mọ bí ìyá òun ṣe kú?

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sínú ìwé àròsọ. Ní 2009, àwọn arúgbó ará Kẹ́ńyà tí wọ́n dá lóró ní àgọ́ àhámọ́ lásìkò ìjà Mau Mau pe ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹjọ́ yìí ló mú kí ìjọba jẹ́wọ́ ní 2011 pé àwọn fáìlì tí wọ́n kó kúrò ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ṣàkóso wà ní Hanslope Park. Ní 2013, wọ́n gbà láti san £19.9 mílíọ̀nù nítorí ènìyàn 5,228. Wọ́n ní ó dùn àwọn, ṣùgbọ́n wọn kò gbà pé òfin di ẹ̀bi náà rù wọ́n.

Ibi tí le Carré ti kù díẹ̀ káàtó ni ìparí. Guillam wá ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, George Smiley, lọ sí Freiburg, Smiley sì sọ fún un pé nítorí Yúróòpù ni òun ṣe ṣe ohun gbogbo. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ó sì dùn létí. Karen kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.